Yàrá Tí Ọlábámijí Dí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Ọlábámijí jẹ́, ẹ wá jókòó sórí àga tó ṣe fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sórí rẹ̀ ránṣọ. Fóòmù rẹ̀ kò tíì rì, ojú rírán rẹ̀ kò tíì ṣí, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọmọ Ṣakí ni. Iṣẹ́ àga onítìmùtìmù ló ń ṣe lẹ́bàá ọ̀nà ní Kétu, kò sì sí ohun tó ń bí i nínú bí àlàfo. Bí ó bá rí ihò bíńtín lára iṣẹ́, á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, á tún un ṣe. Mo máa ń sọ fún un pé, "Bámijí, ẹni tó máa ra àga yìí ò ní wo abẹ́ ẹ̀ o." Á ní, "Mummy, èmi ti wò ó."

Aránṣọ ni èmi, inú àgbàlá ilé tí mo ń gbé náà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mummy Joanna ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Joanna ti wọlé ọkọ ní Ìkòròdú, tí kì í sì í rántí mi àfi bó bá fẹ́ kí n bá a tọ́jú ọmọ. Yàrá mi ló kẹ́yìn nínú ilé Alàgbà Adétúnjí ní Ìkòsì. Lẹ́yìn ògiri mi ni yàrá kan wà tí lánlọ́ọ̀dù ń kó pàǹtí sí tẹ́lẹ̀. Ó ní ilé ìdáná tóóró kan níwájú, inú ilé ìdáná yìí lèèyàn máa gbà kó tó wọ yàrá, géètì onírin kan ló sì wà láàárín ilé ìdáná àti àgbàlá. Ọlábámijí gba yàrá náà, ó kó pàǹtí dànù, ó kó ariwo rọ́pò rẹ̀.

Orin rọ́ọ̀kì ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ń kọ níbẹ̀. Ní àdúgbò tí fújì ti ń dún lọ́wọ́ ọ̀tún, tí orin ìyìn ń dún lọ́wọ́ òsì, àwọn mẹ́rin yìí jókòó sáàárín, wọ́n ń ta gítà bí ẹni ń wọ́ páànù lórí kọnkéré. Ààrá ni wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn. Bámijí ló ń ta gítà, òun náà ló sì ń ronú orin. Nimat ni olórin wọn, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣe POS lábẹ́ agbòjò ní Mile 12. Ìyá rẹ̀ gbà pé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló ń lọ kọ́ nírọ̀lẹ́. Jeffrey ló ń ta gítà olóhùn ìsàlẹ̀. Ọmọ àwọn tó ń gbé inú ẹ́sítéètì ni, tó máa ń ti ọ́fíìsì dé tòun ti táì lọ́rùn. Sàká ló wá ń lu ìlù òyìnbó. Kẹ̀kẹ́ akérò ló ń wà láti Kétu sí Alápẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

Sàká yìí gan-an ni ọ̀tá mi. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ tẹ ìlù ńlá ìsàlẹ̀ yẹn, ife tánńganran tí olóògbé ọkọ mi fi sílẹ̀, tó wà lórí pẹpẹ ara ògiri, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìdérí rẹ̀ á máa ró wìnnì wìnnì. Àìmọye ìgbà ni mo ti lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Á yọ orí síta, á ní, "Mummy mi, ẹ má bínú, ife yẹn ló ń jó." Mo bú u, mo bú ìlù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ojú mi á máa lọ sára ife.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ni wọ́n ń lò. Inú ilé ìdáná ni wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́, nítorí pé wọ́n ti jí ti aládùúgbò wa kan gbé lọ ní ọ̀sán gangan. Bámijí wá so gílóòbù pupa kan mọ́ iná NEPA, ó gbé e kọ́ òkè ilẹ̀kùn nínú yàrá. Bí gílóòbù yẹn bá ti tàn báyìí, iná ìjọba ti dé nìyẹn. Orin ì báà dùn bí oyin, Sàká á ju igi ìlù sílẹ̀, á sáré lọ pa jẹnẹrétọ̀, nígbà mìíràn Nimat á ṣì la ẹnu sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ta ni yóò máa jó fúẹ̀lì nígbà tí iná bá dé? Ní Èkó wa yìí, olówó pàápàá kì í dán an wò.

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀sẹ̀ burúkú yẹn fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Bámijí sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ègé aṣọ. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Anthony ń wá ẹgbẹ́ olórin tí yóò máa ṣeré fún wọn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ní kí Ààrá wá ṣeré níwájú wọn ní ọjọ́ Àìkú. Ojú ọmọ náà ń dán. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Ṣakí ló ti ń wá irú ilẹ̀kùn báyìí, ó sì ti ṣí. Mo wúre fún un, mo ní ẹsẹ̀ wọn á gúnlẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni Alàgbà Adétúnjí sọ̀kalẹ̀ wá sí àgbàlá. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó kàn jẹ́ ẹni tí gbogbo ènìyàn lè rán níṣẹ́.

"Bámijí, mo fẹ́ràn ẹ, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé àdúrà ti wá bá mi, àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò náà ti wá. Wọ́n ní Sátánì lẹ ń pè níbẹ̀ yẹn. Bí mo bá tún gbọ́ ariwo kan ṣoṣo láti inú yàrá yẹn, ọjọ́ yẹn gan-an lẹ máa kó jáde."

Bámijí kúnlẹ̀. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ ò ní gbọ́ wa mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn há sí mi létí. N kò mọ ìdí rẹ̀. Mo ṣáà mọ̀ pé mo dá iṣẹ́ dúró, mo sì wo ojú ọmọ náà.

Nígbà tí àwọn mẹ́ta yòókù dé, àgbàlá ni wọ́n ti ṣe ìpàdé wọn, etí mi kò sì jìnnà. Jeffrey ní kò sí bí wọ́n ṣe lè kó ìlù wọ ẹ́sítéètì àwọn, àwọn sikiọ́ríìtì ò ní gbà. Nimat ní, "Ṣé a ò wá ní máa kọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni, títí di Sunday?"

"Ká lu ìlù jẹ́jẹ́ kẹ̀?" Sàká ní. "Áà, Nimat. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù. Bámijí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó ń wo ògiri yàrá bí ó ṣe máa ń wo àga tí wọ́n bá gbé wá fún àtúnṣe. Ó wo fèrèsé, ó wo òkè ilẹ̀kùn, ó wo ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri.

"A máa dí i," ló wí.

Ní ọjọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó gbé fóòmù dé. Kẹ̀kẹ́ Sàká ni wọ́n fi ń kó o: fóòmù àga àtijọ́, fóòmù ibùsùn, èyí tí jàm̀bá omi ti bà jẹ́, èyí tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ oníbàárà. Ó fi pákó dí fèrèsé pa. Ó lẹ fóòmù mọ́ pákó, ó tún kan òmíràn lé e. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti òkè dé ilẹ̀. Ó wọ ilẹ̀kùn láṣọ fóòmù nínú àti lóde, ó sì fi rọ́bà yí etí rẹ̀ po, débi pé èjìká lèèyàn gbọ́dọ̀ fi tì í kó tó lè pa dé. Mo lọ wò ó. Iṣẹ́ náà dára, n kò lè parọ́ mọ́ ọn. Ihò kan ṣoṣo ló kù, èyí tí wáyà ń gbà wọlé, kò sì dí i nítorí pé wáyà máa ń gbóná. Orí jẹnẹrétọ̀ gan-an ni ihò yẹn wà.

"Bámijí, níbo lẹ máa gba èémí?" mo bi í.

"Mummy, bí ooru bá ti mú wa, a máa ṣílẹ̀kùn."

"Inú kíṣìnì ni ilẹ̀kùn yẹn kọjú sí. Jẹn sì wà níbẹ̀."

"Géètì wà ní ṣíṣí, Mummy. Atẹ́gùn ń wọlé."

Ó dá mi lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, gọ́ọ̀mù sì kún ọwọ́ rẹ̀. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi, ọkàn mi kò balẹ̀. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, bẹ́ẹ̀ sì ni ti Bámijí. Ohun tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, á ṣe é kọjá ibi tó yẹ kó dúró.

Ọjọ́rú ni wọ́n dán an wò. Àwọn mẹ́ta yòókù wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bámijí jáde sí títì, ó yí ilé po, ó tẹ etí sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé lánlọ́ọ̀dù, ó wá wọ yàrá mi.

"Mummy, ṣé ẹ ń gbọ́ wa?"

"Mi ò gbọ́ yín. Àmọ́ ẹ wo ife."

Ife ń gbọ̀n. Kò gbọ̀n tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n, ìdérí sì ń ró díẹ̀díẹ̀. Bámijí fi ọwọ́ kan ògiri, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní, "Ilẹ̀ ló ń gbà." Inú bí i sí ife bí ẹni pé ife ló fẹ́ lé e jáde nílé.

Nígbà tí wọ́n jáde lọ́jọ́ yẹn, Nimat wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi, ó di orí mú. Ó ní ẹ̀fọ́rí ń fọ́ òun bí ẹni pé wọ́n fi okùn so iwájú orí òun. Jeffrey bì sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ó ní ẹ̀wà tí òun jẹ ní ọ́fíìsì ni. Sàká ní òyìnbó ni inú Jeffrey, kò mọ ẹ̀wà. Wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ títí ó fi lọ. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí nǹkan kan kò fi ṣe Bámijí, ẹni tó pẹ́ níta jù lọ nínú wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bámijí kan pèpéle pákó kan, ó fi táyà kẹ̀kẹ́ àti fóòmù sábẹ́ rẹ̀, ó gbé ìlù Sàká lé e. Nígbà tí àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ orin, ó tún wá sí yàrá mi. Àwa méjèèjì dúró síwájú pẹpẹ bí ẹni ń retí àlejò. Ife kò mira. Mo fi ìka kan ìdérí rẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́.

"Mummy, ṣé ẹ ń gbọ́ wa?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ẹ ò rí bí inú ọmọ náà ṣe dùn. Ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ẹ̀ gbá mi mọ́ra kó tó rántí pé àgbàlagbà ni mí. Lánlọ́ọ̀dù náà yọjú láti òkè, ó ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi." Gbogbo àdúgbò ló sinmi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi náà yẹ kí n yọ̀, nítorí pé n kò tíì ní ìsinmi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ṣùgbọ́n n kò yọ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lẹ́yìn ògiri mi, wọ́n ń pariwo pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, ó sì dà bí ẹni pé kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló jẹ́ kí wọ́n máa pẹ́ sí i nínú yàrá. Tẹ́lẹ̀, wọn kì í lè kọrin kọjá díẹ̀ kí ẹnì kan má wá kan ilẹ̀kùn, bí kò ṣe èmi, á jẹ́ lánlọ́ọ̀dù. Ní báyìí, kò sí ẹni tó ń kàn án mọ́.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ mo ń gbá àgbàlá, mo dé ilé ìdáná wọn. Ọmọńlé ló wà nílẹ̀, wọ́n ti kú, ikùn funfun wọn kọjú sókè lábẹ́ ihò wáyà yẹn. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ológbò kì í pa ọmọńlé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, oògùn ẹ̀fọn kì í sì í pa wọ́n pọ̀ lójú kan. Mo gbá wọn jọ, mo gbé wọn síwájú Sàká nígbà tó ti ìrun Jímọ̀ dé pẹ̀lú fìlà funfun lórí.

"Wo ohun tí mo rí níbi jẹn yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n. "Mummy mi, ìlù mi ló pa wọ́n. Wọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí."

"Sàká, mi ò bá ẹ ṣeré."

Ó rí i pé ojú mi le, ó sì mú ojú kúrò nílẹ̀. "Ẹ má bínú, Mummy. Màá sọ fún Bámijí." Ó sì sọ fún un lóòótọ́, nítorí pé èmi náà wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ jáde sí àgbàlá. Bámijí ní bí wọ́n bá gbé e síta, wọn á jí i gbé, bí wọn ò bá sì jí i, ariwo tirẹ̀ nìkan tó láti bí lánlọ́ọ̀dù nínú. Ó bẹ̀ mí. "Lẹ́yìn Sunday, Mummy. Ẹ jẹ́ ká ṣe Anthony yìí ná. Tó bá di Monday, màá gbé e jáde, màá kọ́ ilé fún un." Nimat ń gbọ́ wa, ó sinmi lé ògiri, ètè rẹ̀ pupa ju bó ṣe yẹ lọ. Ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun rò pé irọ́ tí òun ń pa fún ìyá òun ló ń jà nínú orí òun. Mo ní kó lọ sílé lọ sùn. Ó lọ, ṣùgbọ́n ó padà wá ní Sátidé.

Òjò ni Sátidé yẹn jí sí. Wọ́n mú iná lọ láàárọ̀ kùtù, gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò sì gba ojú ọ̀run kan. Ìgbà ìkẹyìn tí Ààrá máa dán orin wọn wò nìyẹn kó tó di Anthony. Wọ́n dé lọ́sàn-án, aṣọ Jeffrey tutù rin, Sàká gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó jù mí lọ́wọ́ nínú òjò. Òjò wá yí ojú padà, ó ń gba géètì wọ ilé ìdáná, ó ń fọ́n sára jẹnẹrétọ̀. Mo ti ojú fèrèsé rí Bámijí tó jáde tòun ti òòlù àti ọ̀rá tapólì. Ó fi tapólì bo gbogbo ojú géètì, ó kàn án mọ́ igi lókè, ó kàn án ní ẹ̀gbẹ́, ó fi búlọ́ọ̀kù tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ́ etí rẹ̀ wò bóyá àlàfo kù.

Mo la ẹnu láti pè é, ààrá sán. Nígbà tí mo fi máa jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọlé. Oníbàárà tó fẹ́ gba aṣọ ìsìnkú ìyá rẹ̀ dúró tì mí, mo bá padà sídìí ẹ̀rọ. Mo ń ránṣọ, mo sì ń wo ẹ̀yìn.

Nígbà tí ọjọ́ ń rọ̀, òjò dáwọ́ dúró. Iná dé. Àwọn ọmọdé pariwo "Up NEPA" láti ilé dé ilé, bí wọ́n ti ń ṣe látijọ́. Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan: ti lánlọ́ọ̀dù kú, ti ilé àdúrà kú, ti ọkùnrin tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa kú. Àdúgbò dákẹ́ bí ó ti yẹ.

Ọ̀kan kò kú. Mo jókòó, mo ń bú ọ̀lẹ tó ń jó fúẹ̀lì lójú iná. Mo tiẹ̀ pòṣé. Lẹ́yìn náà ni mo wá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ilé wa ni. Gílóòbù pupa ti tàn nínú yàrá yẹn. Bí ó bá ti tàn, Sàká kì í jókòó.

Mo sáré. Mo fa tapólì, ó ya mọ́ mi lọ́wọ́, èéfín jáde gbà mí lójú, ó gbóná, ó ń rùn bí ilé tó jó. Mo fi ìborí bo imú, mo pa jẹnẹrétọ̀, mo fi ìkúùkù gbá ilẹ̀kùn. Kò ró. Fóòmù ń gba ìkúùkù mi bí ìgbà tí mo ń gbá ìrọ̀rí. Nígbà náà ni mo figbe ta. Alàgbà Adétúnjí sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọkùnrin tó ń lẹ táyà náà dé, wọ́n fi èjìká tì í, wọ́n tún un tì. Wọ́n ní nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó wúwo. Bámijí ni nǹkan náà.

Ilẹ̀ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ló wà. Nimat dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì bí ẹni tó sùn. Jeffrey di gítà rẹ̀ mọ́ra. Sàká jókòó sídìí ìlù, ó gbé orí lé ìlù kékeré, igi ìlù kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gílóòbù pupa ń tàn lórí gbogbo wọn.

A wọ́ wọn jáde sórí kọnkéré tútù. Ẹnì kan ní kí wọ́n da epo pupa sí wọn lẹ́nu, ẹlòmíràn ní mílíìkì, mo lé gbogbo wọn, mo ní atẹ́gùn ni kí wọ́n jẹ́ kó kàn wọ́n. Àwọn ará ilé àdúrà ti dé, àwọn gan-an ló gbé wọn sẹ́yìn ọkọ̀. Sàká kò rí àyè nínú ọkọ̀, wọ́n bá gbé e sínú kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ọkùnrin tó ń lẹ táyà wà á, èmi sì gbé orí rẹ̀ lé itan. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà. Mo ní ife ń dúró dè é. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò dá mi lóhùn, nígbà tí a sì dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fọwọ́ kàn án, ó wo ojú mi, ó sì fi aṣọ bo ojú rẹ̀.

Àwọn mẹ́ta yòókù yè é. Wọ́n sin Sàká gẹ́gẹ́ bí mùsùlùmí ní ọjọ́ kejì, ní àkókò tí wọn ì bá fi máa wọlé sí Anthony. Ìyá Nimat wá mú un lọ sí Ìwó. Bàbá Jeffrey fi mọ́tò wá kó gítà rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Alàgbà Adétúnjí ní kí Bámijí máa gbé yàrá náà lọ, òun ò lé e mọ́. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú omi lójú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń kọrin mọ́.

Nígbà tí ara Bámijí padà bọ̀ sípò, ó wá tú fóòmù. Ìwọ̀n ọjọ́ tó fi lẹ̀ ẹ́ kò tó èyí tó fi ń tú u, nítorí gọ́ọ̀mù náà dì. Ó ń fi ọ̀bẹ ya á, ó ń kó o síta ní wẹ́wẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, dókítà ní èéfín yẹn ló fà á, pé bóyá kò ní dáwọ́ dúró, kò sì lè fi ta gítà mọ́. Mo bu omi tútù fún un nínú ife ọkọ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fún ẹnikẹ́ni lómi nínú rẹ̀. Ó mu ún tán, ó di ife náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ìdérí rẹ̀ ń ró wìnnì wìnnì.

"Mummy," ló wí, "mo rí iná pupa yẹn tó tàn. Mo rí i pé Sàká ò dìde. Mo wọ́ dé ìdí ilẹ̀kùn, mi ò lágbára láti fà á. Mo ń gbá a. Mo ń pè yín. Orúkọ yín ni mo ń pè, ó pẹ́."

Mo mọ ohun tó fẹ́ bi mí kó tó bi mí.

"Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Mo lè parọ́ fún un. Àgbàlagbà ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́ tó ń tu ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń wo abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló bi mí.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," mo ní.

Ó mi orí, ó gbé ife fún mi. Ó sì padà sídìí ògiri, ó ń tú fóòmù lọ.